Ìgbà Tí A Fi Àgbàdo àti Ẹ̀wà Yan Adójútòfò Wa

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kàwé ní Ayigya máa ń bi mí nípa ìjà tí àwa obìnrin ọjà jà nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ìsọ̀ wa. Ìyẹn tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbò kan wà tí a dì lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nínú ẹgbẹ́ àwa àgbàlagbà Yorùbá tó ń gbé nílẹ̀ àjèjì yìí, ní Fante New Town, tí mo ṣì ń rò títí di òní.

Káàdì ìlera ìjọba wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú ló ń san. A wá ní kí a para pọ̀ ra adójútòfò mìíràn kún un. Ilé-iṣẹ́ méjì rán aṣojú wá. Ti àkọ́kọ́ wá bí ẹni tó ń tọrọ ìyàwó: yàrá àdágbé ní ọsibítù, ọkọ̀ tí yóò máa gbé aláìsàn, agboòrùn lófẹ̀ẹ́. Ti èkejì kò mú agboòrùn kankan wá. Abéèrè kì í ṣìnà, ìbéèrè sì ti ń yún mi lẹ́nu láti kékeré. Mo bi aṣojú àkọ́kọ́ pé, "Àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Maame, a kì í san ìyẹn."

Ti èkejì ní àwọn yóò san án. Mo wo Ìyá Sàkí, ọ̀rẹ́ mi. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé orí àga ló ti ń kírun, dókítà sì ti ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Alájì, alága wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí àgbà ló ń ṣíde ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́ yìí dára o." Kíá, gbogbo ènìyàn nawọ́ sókè fún ti àkọ́kọ́. Ìyá Sàkí náà nawọ́!

Mo fà á sẹ́yìn. "Ṣé o ò fẹ́ kí orúnkún yìí sàn ni?"

"Mo fẹ́. Ṣùgbọ́n Alájì ló sọ gbogbo ọmọ mi lórúkọ. Kí n wá nawọ́ lòdì sí i lójú ara rẹ̀? Daabi, rárá o! Wàláhì, mi ò lè ṣe é."

Inú bí mi, ó sì tún yà mí lẹ́nu. Mo ti rí ìbò tí wọ́n fi owó rà, mo ti rí èyí tí wọ́n fi kùmọ̀ gbà. N kò tíì rí èyí tí ọ̀wọ̀ jí gbé rí. Mo tọ Alájì lọ, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

Ó lanu. "Èmi kàn ní ó dára ni. Àbí ìbò ni mo dì yẹn?"

Ó pe aṣojú kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí a tún ìbò dì, òun yóò jókòó síta. A da aṣọ bo igbá, kálukú wa sì ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ju hóró kan síbẹ̀: àgbàdo fún ti àkọ́kọ́, ẹ̀wà fún ti èkejì. Nígbà tí a ṣí i, ẹ̀wà ló pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí a lọ forúkọ sílẹ̀ ni a tó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kejì kì í gba ẹni tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Nínú gbogbo wa, Alájì nìkan ló ti kọjá rẹ̀.

"Alájì, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo ti bi wọ́n kí n tó jáde síta."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá sọ, ta ni ì bá ju ẹ̀wà síbẹ̀?"

Omi bọ́ lójú mi. Ìyá Sàkí ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí báyìí. Èrè wa nìyẹn. Àgbà ló sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ wa báyìí, ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò dín. Ṣùgbọ́n káàdì ìjọba nìkan ló ṣì wà lọ́wọ́ Alájì. Mo ń lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà, mo ń bi wọ́n pé: ara ta ló tún nílò adójútòfò ju ara ẹni tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún lọ? Wọn kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì le, ẹ bá mi lọ.