Ẹ̀ẹ̀kejì Tí Mo Kọ̀wé sí Iléèwé Dókítà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa kí n ròyìn bí wọ́n ṣe kọ̀ mí ní iléèwé dókítà, àti ohun tí mo fojú rí kí n tó padà lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú yín ló fà á. Ó kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọn ò mú ọmọbìnrin òun, ọmọ náà ò sì jẹun láti ìjẹta. Ẹ sọ fún un kó jẹun jàre! Wọ́n ti kọ èmi náà rí.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Jẹ̀gàn-Kpẹ̀vì, ní orílẹ̀-èdè tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Télọ̀ ni bàbá mi. Ìgbà tí mo ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́dún 1972, tí wọ́n ní gbogbo nǹkan ti yí padà. Kàmàrádì ni gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn. Àwa ọmọ lisé, ìyẹn iléèwé girama, ń kọrin, à ń ro oko iléèwé, à ń gbálẹ̀ ìgboro. Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo gbádùn rẹ̀? Mo gbádùn rẹ̀ gan-an ni!

Mo gba bákì mi, ìwé ẹ̀rí àṣejáde lisé, máàkì mi sì dára. Èmi náà mọ̀ pé ó dára, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mo kó ìwé jọ sínú dósíẹ̀, mo kọ lẹ́tà kan tó kún fún Faransé ńláńlá, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléèwé dókítà ní Kútọnu. Wọ́n pè mí pé kí n wá, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ènìyàn mẹ́ta ni mo bá níjòókòó: dókítà àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, àti kàmàrádì kan tó wọ kákí, tí ìjọba fi síbẹ̀.

Obìnrin onígíláàsì bi mí pé kí ni mo ti ṣe fún aláìsàn rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ egungun! Mo ka ti apá, mo ka ti ẹsẹ̀, mo fẹ́ bọ́ sí ti ẹ̀yìn, ló bá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ò bi mí léèrè egungun. Ó ní ṣé mo ti fọwọ́ kan aláìsàn rí. Mo ní rárá.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, mo wá tèmi lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí. Mo gbọn ojú nù, mo lọ bá obìnrin náà ní bíróò rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún mi. Ó ní máàkì mi ò ní àlèébù, àmọ́ inú dósíẹ̀ mi ṣófo. Kò sí sitáàjì kankan níbẹ̀, ìyẹn ni pé n kò tíì ṣiṣẹ́ níbi tí aláìsàn wà. Ó ní kí n lọ lo ọdún kan láàárín wọn, kí n gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí n tún wá. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì péré làwọn ń gba dósíẹ̀ ẹnì kan.

Mo délé, mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n wò mí, wọ́n wo máṣíìnì ìránṣọ wọn. Wọ́n ní kò burú, ọdún kan náà ni àwọn fún mi. Bí ẹ̀ẹ̀kejì yẹn bá tún bọ́, ìdí máṣíìnì ni mo máa jókòó sí, kò sì gbọdọ̀ sí ẹjọ́. Ẹ ò mọ̀ mí o! Bí mo bá rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ó máa já kí oníbàárà tó dé ojú títì. Àánú àwọn oníbàárà bàbá mi pàápàá ṣe mí.

Díspánsẹ́ẹ̀ kékeré kan wà tí kò jìnnà sí wa, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Agbẹ̀bí tó ń darí ibẹ̀ ni Màmá Filomẹ́nà, ọmọ Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brasíl bọ̀. Wọ́n sanra, síbẹ̀ wọ́n yára ju gbogbo wa lọ, ẹnu wọn kì í sì í sinmi. Wọ́n gbọ́ Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, wọ́n gbọ́ èdè Gùn, àmọ́ bí inú bá bí wọn, Faransé ni wọ́n ń fi í bú ènìyàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà mí sí sitáàjì. Wọ́n ní ṣé mo lè fọ abọ́. Mo ní mo ní bákì. Wọ́n ní ta ló bi mí ní bákì?

Odidi oṣù kan ni mo fi fọ abọ́, tí mo fi se abẹ́rẹ́ nínú omi, tí mo fi gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní kálàmù bíìkì àti ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aláboyún sí, èyí tí wọ́n ń pè ní fíìṣì. Inú mi dùn! Ìwé kúkú ni iṣẹ́ mi, àbí? Faransé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: oyún mélòó, ọmọ mélòó ló wà láàyè, mélòó ló kú. Aláboyún tó kọ́kọ́ jókòó síwájú mi ga, ó pupa, ó ní òun ń tajà ní ọjà Wàndó. N kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Mo gbójú lé ìwé, mo sọ Faransé yẹn di Nàgó: ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mélòó lẹ ti bí, mélòó ló ti kú?

Yéè, mo gbé! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń bi ìyá ọlọ́mọ ní irú ìbéèrè yẹn, pàápàá aláboyún? Ìyá mi ò kà wá rí láyé. Ẹni tó bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní, wọ́n á ní Ọlọ́run ṣe é, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo mọ èyí láti kékeré. Àmọ́ bí bíìkì ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ báyìí, tí mo sì rí Faransé, gbogbo ẹ̀kọ́ ilé fò lọ!

Obìnrin náà dìde. Ó fi ọwọ́ yí orí ká, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó fa ìró rẹ̀ le, ó jáde. Ẹni tó jókòó tì í dìde. Ẹni kẹta dìde. Kí n tó béèrè pé kí ló dé, bẹ́ńṣì ti ṣófo.

Màmá Filomẹ́nà jáde láti yàrá, wọ́n wo bẹ́ńṣì, wọ́n wo èmi. Faransé tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, wọn ò kọ́ wa ní irú rẹ̀ ní lisé! Wọ́n ní kí n lọ bẹ obìnrin yẹn wá padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má fẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, kò sí iléèwé dókítà, ó di ìdí máṣíìnì.

Mo sunkún délé. Mo ròyìn fún ìyá mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn, wọ́n di ògiri mú. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rín ò pa mí, wọ́n ní kí ni orúkọ mi. Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí ní Àlàbá. Wọ́n ní ta ni Àlàbá tẹ̀ lé? Mo ní Ìdòwú. Ìdòwú ńkọ́? Mo ní àwọn ìbejì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ mi, ṣé kò ti mọ iye ìgbà tí àwọn lóyún kí àwọn tó bí mi? Ta ló kà á fún un?

 Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n rọra sọ pé Táyé wà nílé, gbogbo ènìyàn ń rí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ kí àwọn pe Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ti lọ sí Èkó, bí a ṣe máa ń sọ nípa ìbejì tó bá kú. Wọ́n ní ẹni tó ní làákàyè yóò mọ̀ láì béèrè. Mo di ọwọ́ wọn mú.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Wàndó lọ. N kò mọ orúkọ obìnrin náà, ìrísí rẹ̀ ni mo ń júwe káàkiri: ó ga, ó pupa, ó lóyún. Ẹnì kan ní, "Áà, Ìyá Málọmọ́ ni! Ìsọ̀ abọ́ páànù ni kó o lọ." Ìyá Málọmọ́! Ẹsẹ̀ mi dúró. Ta ló ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, bí kì í bá ṣe ẹni tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́? Òun gan-an ni mo jókòó sí iwájú rẹ̀ tí mo ní mélòó ló kú. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ yí padà sílé.

Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn abọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ló fẹ́ yí mi lórí, ẹ dákun ẹ dárí jì mí. Ó kọjú sí abọ́ tó ń nù. Málọmọ́ fúnra rẹ̀ jókòó sínú báàfù kan, ó ń fi ṣíbí lù ú. Mo kí i. Mo ní Málọmọ́ ò ní lọ, yóò dúró ti ìyá rẹ̀, yóò sì pọn àbúrò. Ìyá rẹ̀ ní, "Àmín o." Ó ní kí n dìde, kí eruku má ba aṣọ mi jẹ́. Ìgbà náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: bí oyún òun bá ti wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ á wú, orí á máa fọ́, ojú á máa ṣú. Oṣù kẹjọ náà ló wà yẹn, ẹsẹ̀ sì ti ń wú. Kò ka ọmọ kankan fún mi, n kò sì béèrè.

Mo mú un lọ bá Màmá Filomẹ́nà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti ga. Wọn ò bú mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí ó máa lọ sí ọsibítù ńlá, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìròyìn dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ó ti bí ọkùnrin, tìyátọmọ wà láyọ̀! Màmá Filomẹ́nà jó yí bẹ́ńṣì po, èmi náà sì jó tẹ̀ lé wọn. Àwọn aláboyún ń pàtẹ́wọ́ fún wa.

Láti ìgbà náà, bí aláboyún bá jókòó síwájú mi, orúkọ ọmọ ni mo ń béèrè. Bó bá pe Ìgè, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ yẹn kọ́kọ́ yọ. Bó bá pe Òjó tàbí Àìná, ìwọ́ ló kọ́ ọmọ lọ́rùn. Bó bá pe Kòkúmọ́, mo yáa rọra. Bí wọ́n bá ti lọ ni mo tó ń kọ ọ́ sí fíìṣì. Bẹ́ńṣì wa kún tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá Filomẹ́nà fi lọ yá òmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ọdún yí po. Mo tún lẹ́tà mi kọ, ojú ìwé kan péré: ohun tí mo ṣe, àti ohun tí mo bà jẹ́. Màmá Filomẹ́nà fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn mẹ́ta àtijọ́ náà ni mo tún bá níjòókòó. Onígíláàsì tún bi mí pé kí ni mo ti ṣe fún aláìsàn. Mo rò ó fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́, títí kan bí mo ṣe lé odidi bẹ́ńṣì aláboyún lọ.

Ni kàmàrádì oníkákí bá dá mi dúró. Ó ní ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni àwọn ń bá jà. Ó ní ṣe ló yẹ kí n kọ́ àwọn obìnrin yẹn kí wọ́n máa ka ọmọ wọn, kì í ṣe kí n máa bá wọn sá fún nọ́ńbà. Ẹ̀rù bà mí! Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń bá oníkákí jiyàn? Ó sì jẹ́ pé bí mo bá tún bọ́ níbẹ̀, ó parí nìyẹn. N kò mọ ibi tí ẹnu mi ti rí agbára. Mo ní kàmàrádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?

 Ó ní Dòsú ni òun ń jẹ́. Mo ní àwọn Gùn ń pè é ní Dòsú, àwa Nàgó ń pè é ní Ìdòwú. Mo ní kí ìyá yín tó bí yín, wọ́n ti bí ìbejì. Ẹni tó bá sì ti bí ìbejì rí lè tún bí ìbejì. Bí ìyá yín bá wá sọ́dọ̀ wa, n kò ní bi wọ́n ní nọ́ńbà kankan, àmọ́ a máa yẹ ikùn wọn wò dáadáa, wọ́n á sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Dókítà àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Onígíláàsì tẹ̀ lé e. Kàmàrádì wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ó ní lóòótọ́, ìyá òun bí ìbejì ṣáájú òun, wọ́n tún bí ìbejì lẹ́yìn òun!

Nígbà tí èsì jáde, bàbá mi bá mi lọ sí Kútọnu. Wọn ò mọ̀wé. Mo fi ìka tọ́ orúkọ mi hàn wọ́n lára ògiri, wọ́n ní mo lè máa tan àwọn jẹ. Wọ́n pe ọkùnrin kan pé kó kà á, ó kà á. Wọ́n pe obìnrin kan, òun náà kà á. Wọ́n tún lọ mú sójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà! Bí sójà ṣe pe orúkọ mi, bàbá mi jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú agbádá wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pọ̀. N kò rí omi lójú bàbá mi rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Bí wọn ò bá mú yín, ẹ má wulẹ̀ máa tún lẹ́tà kan náà kọ. Ẹ lọ síbi tí àwọn ènìyàn wà, ẹ fọ abọ́ wọn, ẹ ṣàṣìṣe níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀. Ọdún tí mo rò pé ó ṣòfò yẹn gan-an ni mo di dókítà. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé rẹ̀ ni mo kàn lọ gbà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti sọ fún rí nínú yín pé rárá, kí lẹ sì ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì fi èyí tẹ́ ẹ bà jẹ́ pamọ́ fún mi o, èmi ti jẹ́wọ́ tèmi!