Òróòro Àgbò Tí Bàbá Mi Fún Mi Mu

Bàbá mi kì í gbà pé àwọn ṣàṣìṣe, èmi náà sì jogún orí kunkun yẹn. Mẹkáníìkì ni wọ́n l'Éjìgbò. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, wọ́n gbà pé àwọn mọ àtúnṣe ẹ̀, títí kan inú ọmọ èèyàn.

Mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́wọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn kọlù mí lẹ́yìn Iléyá. Inú ń run mí, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Nílé wa, a kì í ju òróòro àgbò nù. A máa ń so ó rọ̀ sókè ààrò fún oògùn inú rírun. Bàbá ní kò sí kòkòrò tó lè fara da irú ìkorò bẹ́ẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n ní kí n máa mu ún láràárọ̀. Ṣé ẹ ti tọ́ òróòro wò rí? Eré ni ewúro ń ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mi ò lè dìde mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mò ń kú lọ. Bàbá gbé mi sórí alùpùpù, ìyá mi dì mí mú lẹ́yìn, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan béèrè ohun tí mo ti lò. Bàbá gbé àyà sókè, wọ́n sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà ò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ má bínú. Òróòro ń ṣàn wọ ìfun gbogbo wa lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe é. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Bí ìfun bá sì wú báyìí, àwọn tó le jù nínú wọn ló máa ń ṣẹ́ kù. Ọmọ yìí gan-an ni òróòro yẹn ń pa lára.”

Bàbá ṣí fìlà. “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ,” ni wọ́n wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀.”

Mi ò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi gbà fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn àti omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sí, ara mi sì yá. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn dòní.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa lọ sílé, ó rí i pé Bàbá di ikùn mú. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?”

Ìyá mi ló sọ ọ́: “Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mu ìdajì òróòro yẹn fúnra wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kò ní pa ọmọ yìí.”

Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń bínú sí wọn nítorí ìkorò yẹn, ẹnu bàbá mi ló ti kọ́kọ́ korò.