Obìnrin Tó Ń So Òdòdó

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi etí aṣọ nu jígí ojú, ọkọ àǹtí mi ní Kambolé ni mo máa ń rántí. Tó bá ti ń nù ún, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Nínú pálọ̀ rẹ̀ la ti ń wo sinimá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn ará Íńdíà inú rẹ̀ a máa sọ èdè Tamil, ìtumọ̀ ní Faransé a wà nísàlẹ̀ àwòrán, òun a sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó máa ń ní, "Sinimá tí kò bá mú ọ rántí ìyá rẹ, ariwo lásán ni."

Lọ́jọ́ kan, a wo ti àwọn ọ̀dọ́ kan tí olóṣèlú tàn títí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Sokodé ti ní ká má wò ó, pé apànìyàn ló ń yìn. Nígbà tí bọ́ǹbù bú láàárín ọjà, gbogbo pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á.

Ọkọ àǹtí mi dá sinimá dúró. Ó nu jígí rẹ̀, ó dá àwòrán padà sẹ́yìn díẹ̀. Obìnrin kan jókòó sínú ọjà náà, ó ń so òdòdó pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó gbé sórí itan.

Ó bi wá pé, "Ṣé ẹ rí obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan?"

Ojú tì mí.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n kúkú sọ pé apànìyàn ni sinimá yìí ń yìn."

"Rárá o. Ẹni tó ṣe é ti fi obìnrin yìí hàn yín kí bọ́ǹbù tó bú. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́."