Àyà Gbọ́dọ̀ Kan Ilẹ̀

Jọmílójú kórìíra ọkùnrin tí ń wá ojúure kiri, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin méjì tó fẹ́ràn jù láyé, ojúure ni wọ́n ń wá. Bàbá rẹ̀ ń wá a lọ́dọ̀ gbogbo ayé, Dọ̀tun àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń wá a lọ́dọ̀ bàbá náà. Òun fúnra rẹ̀, tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kabusa ní Abuja, ojú lásán ló sì fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá náà. Akínjídé lorúkọ rẹ̀. Igbákejì dírẹ́kítọ̀ ló fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ títí dòní, bí ẹ ò bá pè é ní Dírẹ́kítọ̀, kò ní dáhùn. Lugbe ló ń gbé, nínú ilé tí omi kì í yọ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, á wá jókòó sí pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Nígbà tí Dọ̀tun, tí ń tún ẹ́síì, ẹ̀rọ amúlétutù, ṣe, wá tọrọ ọmọ, kò bi í bóyá ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ohun tó sọ ni pé lọ́jọ́ ìdána, òun ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ Abuja, tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa abẹ́rẹ́.

“Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀,” ó ní. “Wàá wà níbẹ̀ títí n ó fi ní kó o dìde. Bí mo bá ti lè ní dìde, ọmọ di tìẹ nìyẹn.”

Ìdána ku bí oṣù kan ni Dọ̀tun já bọ́ lórí àkàbà ní Maitama, níbi tó ti ń gbé ẹ́síì kọ́ ara ògiri. Èjìkà òsì ló fi gúnlẹ̀, eegun tó so àyà mọ́ èjìkà sì kán. Onílé jáde, ó wo ògiri, ó ní ṣé kò sí ibi tó ha. Ọlọ́lá ayé. Ní ọsibítù ìjọba, wọ́n fi aṣọ gbé apá Dọ̀tun kọ́ ọrùn, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ bóyá wọ́n máa là á.

Akínjídé gbọ́, kò ní pẹ̀lẹ́. Ó ní kí wọ́n sún ìdána sí ọdún tó ń bọ̀, àbí kí ọmọkùnrin náà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. “Wọ́n á fi irin dè é lónìí, á dọ̀bálẹ̀ lọ́la. Irin kì í kán.” Ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Èyí tó dun Jọmílójú jù ni pé Dọ̀tun gbà. Kò tiẹ̀ rò ó wò. “Dádì mọ ohun tí wọ́n ń sọ,” ló wí, pẹ̀lú apá tó fi kọ́rùn. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èyí ò tiẹ̀ dákẹ́, ńṣe ló ń dúpẹ́. Jọmílójú wò ó títí. Ẹni tó gbà kí wọ́n la òun kí inú bàbá ìyàwó lè dùn, ṣé ẹni téèyàn ń fẹ́ nìyẹn? Lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́, kí ni bàbá yẹn máa sọ tí kò ní gbà?

Wọ́n jọ lọ sọ́sibítù. Dókítà Nafisah, ọmọ Ìlọrin, gbé fọ́tò eegun náà sójú iná láti wò ó. Ó ní ó yẹ̀ díẹ̀, kò yẹ̀ jù, kò sì gún awọ. Bó bá wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́, ó ṣeé ṣe kó so fúnra rẹ̀, àfi kókó díẹ̀ tó lè yọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá là á, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n á fi dè é, á so gún régé, àmọ́ ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, wọ́n sì lè tún là á lọ́jọ́ iwájú láti yọ irin náà.

“Fún irú èyí, kò sí èyí tó burú níbẹ̀,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ máa yàn.”

Ìbéèrè kan ni Dọ̀tun ní. “Ṣé mo lè dọ̀bálẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní, kí àyà kan ilẹ̀?”

“Ẹ lè máa jókòó kírun,” ni dókítà wí. “Ọlọ́run gbà á bẹ́ẹ̀.”

“Kì í ṣe ìrun, mà. Àna mi ni.”

Dókítà wo Jọmílójú. Jọmílójú wo ilẹ̀, ojú gbà á tì.

“Bí a là á, bí a ò là á,” ni dókítà wí, “ẹ ò gbọdọ̀ gbára lé apá yẹn lọ́sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ẹ ṣáà là á, mà. Kí Dádì lè mọ̀ pé mo gbìyànjú.”

Ẹ̀rù abẹ ń ba ọ̀dẹ̀ yìí, ó ṣì fẹ́ kí wọ́n la òun. Àánú rẹ̀ ṣe Jọmílójú, inú sì bí i sí àánú náà. Ó ní kí dókítà fún wọn láyè di ọ̀la.

Nígbà tó dé Lugbe, ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀ nínú agbádá, Alàgbà Adégbọlá ti ìjọ wọn ń bọ̀ wá kí i.

“Ṣé wọ́n ti là á?”

Jọmílójú gbé báàgì sílẹ̀. Kò kúnlẹ̀ bí ọmọbìnrin. Ó nà gbalaja síwájú bàbá rẹ̀ lórí táìlì.

“Kí lèyí?”

“Mo ń bá Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ ni, sà. Èjìkà tèmi ò kán.”

“Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀.”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Àyà kan ilẹ̀.”

Bàbá bú u, kò mira. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, kò mira. Ìyá rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ fọn fèrè ní géètì. Alàgbà ti dé. Gbogbo ìjọ ni Akínjídé ti ń sọ fún bó ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ tó. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo ọmọ tó sùn sílẹ̀ bí ọkùnrin, òógùn bò ó.

“Dìde,” ó ní, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

Jọmílójú ò gbọ́. Kò fẹ́ gbọ́ ni.

“Mo ní dìde. Dìde, mo bẹ̀ ẹ́.”

“Màmá, ṣé ẹ gbọ́?” ni Jọmílójú bi ìyá rẹ̀.

“Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Nírọ̀lẹ́, Jọmílójú bá Dọ̀tun lórí ibùsùn nílé rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń gbààwẹ̀ de iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó gbààwẹ̀. Jọmílójú ṣí abọ́ ìrẹsì síwájú rẹ̀.

“Wọn ò ní là ẹ́. Aṣọ yẹn lo máa gbé kọ́rùn wá síbi ìdána.”

“Kí ni Dádì wí?”

Ó ṣì ń béèrè. Jọmílójú ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún.

“Wọ́n ní kó o dìde.”