Àwọn Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Tí Òjò Ká Mọ́ Ìjù-Odò

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ambrose Ajíbóyè fi kọ ọ̀pẹ ní Ìjù-Odò kí igbà tó já mọ́ ọn lára lọ́dún 1966. Ó já bọ́, itan ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Wọ́n dì í, wọ́n gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wíwọ́ ni egungun náà jinná. Láti ìgbà náà, orí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a, ibẹ̀ náà ló sì ń ṣú bá a.

Àwọn ará ilé rò pé ọ̀pẹ ló ń rò. Ẹyẹ ni. Ẹni tó bá pẹ́ lórí ọ̀pẹ, ẹyẹ ni aládùúgbò rẹ̀. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n á dé bí eéṣú, wọ́n á tò sórí wáyà tẹlifóònù ọ̀nà Òkìtìpupa. Olùkọ́ kan ti sọ fún un pé ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń bọ̀, pé òtútù ni wọ́n ń sá fún.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1968, òjò àrọ̀kúrò ni wọ́n bá pàdé. Ó ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, kò dá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ká orí sínú ìyẹ́ lórí wáyà. Ambrose mọ ohun tó ń ṣe wọ́n: kòkòrò kì í fò nínú òjò, ojú òfuurufú sì ni oúnjẹ tiwọn wà. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

Ó pe Agatha ìyàwó rẹ̀, tó ń yan gàrí lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí àwọn tó já bọ́ náà.

“Bàbá Janet, ẹyẹ mà ni,” obìnrin náà wí.

“Mo mọ̀. Bá mi ṣà wọ́n wá.”

Agatha da aṣọ borí, ó jáde. Mọ́kàndínlógún ló ṣà wá, ó tẹ́ wọn sórí àpò lẹ́bàá ààrò. Kó tó padà síta, Mákánjúọlá aládùúgbò wọn àti àwọn mìíràn ti gbé apẹ̀rẹ̀ dé. Ẹran tí kò gba ìbọn ni wọ́n rí. Ambrose kígbe pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ariwo òjò lórí páànù bo ohùn rẹ̀. Ló bá fi ọ̀pá dìde. Ní àtẹ̀gùn kejì, ẹsẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Mákánjúọlá ló sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ tó sáré wá gbé e.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ni Ambrose wí. “Ọ̀nà wọ́n jìn.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń kú. Bí a kò bá kó wọn, èèrà ni yóò jẹ wọ́n.”

Mákánjúọlá rọra gbé e sórí àga, ó nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀, ó sì padà sídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ tí Agatha ṣà wá ni Ambrose gbé sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi orí ìka kán omi sí i lẹ́nu. Kò la ẹnu. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, nígbà tó yá, kò lù mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, márùn-ún ló kù nínú mọ́kàndínlógún. Agatha ṣí fèrèsé, wọ́n jáde lọ sínú òjò wínníwínní, wọ́n dorí kọ apá Ìlútítun.

Kò pẹ́ tí Catherine, ìyàwó Mákánjúọlá, gbé abọ́ ọbẹ̀ kan tí wọ́n fi ẹran ẹyẹ sè wá fún wọn. Ambrose dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Ambrose ní òun ti yó. Agatha gbé abọ́ náà wọ ilé ìdáná, ó kọ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó jẹun.

Lọ́sàn-án, òjò dá. Àwọn ikán abìyẹ́ tú jáde látinú ilẹ̀ lójú ọ̀nà náà, wọ́n ń fò kiri lókè, kò sì sí ẹyẹ kan lórí wáyà.