Uncle Dáúdà ń Múra De Ìjì

Ẹ gbọ́, mi ò tíì rí ẹni tó ń páyà ìjì bíi Uncle Dáúdà, tí ilẹ̀kùn wa kọjú síra ní Peckham níbí. Òkun jìnnà sí wa o! Ṣùgbọ́n tí ìgbà òtútù bá ti dé, tí rédíò ní ìjì ń bọ̀, wàhálà ti dé nìyẹn. Wọ́n á kó ìkòkò òdòdó wọlé, wọ́n á rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á ra tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo yàrá. Èmi Yéwándé tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní, "Uncle, ṣé ogun ló ń bọ̀ ni?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: Aunty Rahmah, ìyàwó wọn, ni wọ́n ń rò. Àìsàn ìgbàgbé ti mú Aunty débi pé wọn ò mọ ọkọ wọn mọ́. "Uncle" ni Aunty ń pè wọ́n, bíi ti gbogbo wa.

"Yéwándé, tí iná bá lọ, ẹ̀rù á bà á," ni Uncle wí. "Á ní òun ń lọ sílé. Ibo ni mo ti fẹ́ wá a nínú ìjì?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo gba tépù lọ́wọ́ wọn, mo bá wọn dí etí fèrèsé.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, a jókòó ti Aunty, ìjì ń lu fèrèsé. Lójijì, iná lọ. Ibi gbogbo ṣókùnkùn biribiri. Uncle sáré lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tọ́ọ̀ṣì sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ni Aunty bá pòṣé. "NEPA wọ̀nyí mà tún ti gbé e! Àkànbí, kí lẹ dúró síbẹ̀ fún? Ẹ wá jókòó tì mí, jàre."

Ha! Oríkì Uncle ni Àkànbí! Wọ́n táràrà wá jókòó. Aunty di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ń rán wọn létí yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n gbé ní Múṣin, àti onílé wọn tó ya ahun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Mo ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì, Uncle ní, "Má tàn án."

Àfi gbàà, iná dé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè wa pariwo, "Up NEPA!"

Aunty wo Uncle lójú. Wọ́n rọra fa ọwọ́ wọn kúrò. "Uncle, ẹ má bínú o. Ọkọ mi ń bọ̀ wá mú mi."

"Kò burú, mà," ni Uncle dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ pa iná.