Onígun Mẹ́ta Onírẹsì

Ẹnu olùṣọ́ géètì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé tíṣà ìṣirò ń se onígun mẹ́ta nínú ìkòkò, ó sì ń bù ú fún ọmọ kan jẹ ní kíláàsì. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ọmọ náà ti jẹ onígun mẹ́ta méje, igun mọ́kànlélógún sì ti ń gún un nínú.

Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì tíṣà yìí tí ojú rẹ̀ kò ríran. Adájọ́ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí tíṣà bá fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú pátákó, afẹ́fẹ́ lásán ni fún un. Ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ń ya àwòrán sórí páálí nílé, tó ń fi góòmù tọ ojú ìlà, tó sì ń to ìrẹsì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ ọmọ náà lè rí nǹkan tẹ̀ lé. Òótọ́ sì ni pé ẹnìkan ń jẹ nínú ìrẹsì náà. Tíṣà fúnra rẹ̀ ni. Tó bá ti ń ronú, á máa rún un lẹ́nu ní tútù.

"Bàbá ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ bi í, "ṣé ìṣirò yìí ò lè máa jẹ ẹ̀wà ni?"

"Ẹ̀wà ti tóbi jù. Ìlà á wú."

Ohun tó wà lọ́kàn tíṣà ju ìrẹsì lọ. Ọ̀gá àgbà fẹ́ yọ orúkọ Adájọ́ kúrò lára àwọn tí yóò ṣe ìdánwò ìṣirò. Ó ní yàrá ìkàwé ni kí ó máa jókòó sí nígbà tí àwọn yòókù bá ń ya àwòrán. Tíṣà bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀gá àgbà fi gbà láti wá wo kíláàsì náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó sẹ́yìn, ó na ọrùn bí ẹni tó ń yọjú wo ìsàlẹ̀ kànga. Tíṣà gbé páálí síwájú Adájọ́.

"Onígun mẹ́ta rèé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì dọ́gba. Sọ ohun tó o mọ̀ nípa àwọn igun ìsàlẹ̀."

Ìka ọ̀tún àti ìka òsì ọmọ náà jọ gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gòkè. Òógùn tó bo tíṣà tó fi fọ pátákó.

"Sà, ẹ má bínú. Àwọn ẹ̀gbẹ́ yìí ò dọ́gba."

"Wọ́n dọ́gba. Èmi ni mo fi rúlà wọ̀n wọ́n."

"Ìlà lẹ wọ̀n, sà. Ìrẹsì ni mo ń fọwọ́ kàn."

Ó fa òwú kan yọ nínú àpò, ó nà án lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó fi èékánná mú ibi tó parí sí, ó wá gbé e lé ẹ̀gbẹ́ òsì. Òwú ò dé òpin. Ọ̀gá àgbà ò lè jókòó mọ́. Ó gba òwú, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tilẹ̀ di ojú ara rẹ̀, ó fi ìka tọ ìrẹsì náà wò bóyá òun náà á mọ̀. Kò mọ nǹkan kan.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìka ọ̀tún mi tètè dé, mà. Ó dúró de èkejì."

Nígbà tí àwọn tíṣà ṣèpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá àgbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà wa gbọ́n o. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìlà kan kúrú láti fi dán ọmọ náà wò."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà ìtàn nìkan ló káwọ́ mọ́ àyà. "Tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ti jọ fi kọ́ra ṣáájú?"

Kálámù ọ̀gá àgbà dúró gbagidi lókè ìwé orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò.

Láti ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún tíṣà ìṣirò rí. Ó jẹ́ kó dùn mọ́ òun fún ìṣẹ́jú kan, ó wá dìde.

"Mà, n ò dán ẹnikẹ́ni wò. Góòmù ò tíì gbẹ tí mo fi há páálí mọ́ abíyá, ni ìrẹsì bá yọ̀ lójú ọ̀nà. N ò mọ̀. Ojú mi méjèèjì là sílẹ̀, mo tún ń bá ọmọ ọlọ́mọ jiyàn." Ó dúró títí kálámù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, mà: èmi ni mo ṣì í, òun ló mú mi."